Ọ̀nà Òkè Himaláyà Lábẹ́ Ìka Bàbá

Ọdún kẹta lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ni obìnrin ará Íńdíà kan wá gba fúláàtì ìsàlẹ̀ nínú ilé mi ní Mayfair, ní Ifẹ̀. Ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì nípa àrùn tó ń ba irè oko jẹ́, Dókítà sì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó ti pẹ́ ní Ifẹ̀ débi pé Yorùbá ẹnu rẹ̀ dán ju ti àwọn ọmọ tèmi tí wọ́n wà l'Ékòó lọ. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú ní Íńdíà, ó lọ mú bàbá rẹ̀ wá sọ́dọ̀, nítorí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ẹnì kan ṣoṣo tó kù nílé, kì í fìdí kalẹ̀ síbì kan nítorí iṣẹ́.

Bàbá ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, ojú rẹ̀ méjèèjì sì ti fọ́ pátápátá. Láràárọ̀ ni yóò jókòó sí fàráńdà, ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà tó dà bíi tẹ̀súbáà lọ́wọ́ rẹ̀, tí yóò máa gbọ́ bí àwọn ọlọ́kọ̀ ṣe ń ké "Káńpọ́ọ̀sì! Káńpọ́ọ̀sì!" lójú títì. Tí mo bá ń sọ̀kalẹ̀, kí n tó yanu ni yóò ti sọ pé, "Tíṣà, ẹ káàárọ̀ o." Gbólóhùn Yorùbá tó mọ̀ kò ju mẹ́ta mẹ́rin lọ, Gẹ̀ẹ́sì la fi ń sọ ìyókù.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, Dókítà gun àtẹ̀gùn wá bá mi, fóònù àti ìwé kan lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mọ̀mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin lẹ mọ jọ́gíráfì. Ẹ bá mi wo ọ̀nà kan."

Jọ́gíráfì ni mo fi gbogbo ọdún iṣẹ́ mi kọ́ àwọn ọmọ, lóòótọ́. Ó ṣàlàyé pé ẹ̀sìn Híńdù làwọn ń ṣe, pé tẹ́ńpìlì mẹ́rin kan wà lórí òkè Himaláyà tí àwọn ẹlẹ́sìn wọn máa ń fẹ́ dé kí wọ́n tó kú, bí àwọn Mùsùlùmí ọ̀dọ̀ wa ṣe máa ń fẹ́ dé Mẹ́kà. Ìyá òun àti Bàbá ti jọ pinnu láti lọ, wọ́n ń sún un síwájú lọ́dọọdún, títí ikú fi mú ìyá lọ, títí ojú Bàbá náà fi fọ́. Ní báyìí, Bàbá ní òun ń lọ.

"Ṣé o fẹ́ gbé wọn lọ ni?" mo bi í.

"Mi ò tíì mọ̀, Mọ̀mí. Àbúrò mi ló yẹ kó wa mọ́tò, òun ló mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní òun ò ní gbé afọ́jú lọ síbi tí àwọn tó ríran pàápàá ti ń já sí ọ̀gbun. Ó ní kí ni Bàbá fẹ́ lọ rí níbẹ̀?"

Mo wọ awò mi, mo wo máàpù tó wà lójú fóònù rẹ̀. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ nípa Himaláyà láìmọye ìgbà. N ó ya á bí igun mẹ́ta sójú pátákó, n ó fi ṣọ́ọ̀kì funfun kun orí rẹ̀, n ó ní yìnyín nìyẹn, ó parí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka tọ ọ̀nà kan pàtó, tí mo sì mọ ẹni tó fẹ́ gbà á, orí mi wú. Láti ìlú tí odò ti ń jáde kúrò láàárín òkè bọ́ sí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, ọ̀nà náà ń bá odò lọ, ó ń yí, ó ń lọ́. Ìlú kan wà tí odò méjì ti pàdé, ìlú mìíràn tún wà lókè rẹ̀ tí odò méjì tún ti pàdé, orúkọ odò sì ń yí padà bí ẹ ṣe ń gòkè.

Dókítà ń sọ ti tẹ́ńpìlì náà fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkínní, omi gbígbóná ń ru jáde láti inú àpáta, àwọn èèyàn ń di ìrẹsì sínú aṣọ, wọ́n ń rì í bọ omi náà títí yóò fi jinná. Èkejì wà nítòsí ibi tí odò tí wọ́n ń pè ní ìyá ti ń ṣẹ̀. Mọ́tò kò dé ẹ̀kẹta. Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ rìn yóò rìn láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ní ti ẹ̀kẹrin, yìnyín máa ń bò ó fún ìdajì ọdún. Kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn rẹ̀, wọ́n á tan àtùpà sínú rẹ̀. Tí wọ́n bá wá ṣí i lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, wọ́n ní wọ́n máa ń bá àtùpà náà tó ṣì ń jó.

"Ta ló ń rọ epo sí i?"

Dókítà bú sẹ́rìn-ín. "Ohun tí mo bi ìyá mi náà nìyẹn nígbà tí mo wà ní kékeré."

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Wọ́n ní kí n lọ fọ abọ́."

Onígbàgbọ́ ni mí, mo sì wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa. Síbẹ̀, àtùpà yẹn kò kúrò lọ́kàn mi jálẹ̀ ọjọ́ náà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo jókòó ti Bàbá ní fàráńdà. Mo rọra bi í ní ìbéèrè tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin béèrè: kí ni yóò lọ rí níbẹ̀? Kò bínú. Ó dá ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Tíṣà, kì í ṣe kí n lè rí Ọlọ́run nìkan ni mo ṣe ń lọ. A máa ń lọ kí Ọlọ́run náà lè rí wa. Ojú tèmi ló fọ́. Tirẹ̀ kò fọ́."

Mo fa àga mi sún mọ́ tirẹ̀.

Ó wá ní kí n sọ bí ọ̀nà náà ṣe rí fún òun. Mo gbìyànjú. Mo ní ó ga, ó jìn, ó wọ́. Ó ní, "Báwo ló ṣe ga tó?" Mo sọ iye mítà rẹ̀. Ó mi orí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kò gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀. Èmi tí mo ríran gan-an, ṣé mo mọ̀ ọ́n?

Nígbà náà ni mo rántí ohun tí a máa ń ṣe pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì àgbà. Mo kó ìwé ìròyìn àtijọ́ jọ, mo rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ méjì, mo gún un nínú odó, mo pò ó mọ́ ṣítáàṣì. Mo ra okùn tẹ́ẹ́rẹ́ àti bọ́tìnì nítòsí Ẹ̀nuwá. Mo wá mọ Himaláyà sórí pákó pẹlẹbẹ kan ní pálọ̀ mi. Okùn ni ọ̀nà, òwú híhun ni odò, bọ́tìnì ni ìlú, òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́rin sì ni tẹ́ńpìlì. Kí n lè mọ bí n ó ṣe gbé e ga tó, mo fi òkè Ìdànrè ṣe òṣùwọ̀n, nítorí pé mo ti gùn ún rí. Mo ní kí Ìdànrè jẹ́ ìbú ìka kan. Tẹ́ńpìlì kẹta di ìka mẹ́rin. Ṣóńṣó orí òkè tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kọjá ìka méje, mo sì ń lẹ ìwé lé ìwé, mo ń rò ó pé bóyá mo ti ṣe àṣìṣe nínú ìṣírò mi. Mo tún un ṣírò lẹ́ẹ̀mejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni. Mo sún sẹ́yìn, mo ń wo ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi mọ, ẹ̀rù sì bà mí.

Nígbà tó gbẹ, a mú Bàbá gòkè wá. Mo fi ìka rẹ̀ lé bọ́tìnì àkọ́kọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ okùn lọ, ètè rẹ̀ ń mì. Ó dé ibi tí odò méjì ti pàdé, ó pe orúkọ ìlú náà kí n tó sọ fún un. Ó dé òkúta kẹta, ó sì fi ọwọ́ kejì wá ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọwọ́ náà ń gòkè, ó ń gòkè. Ó dúró.

"Ṣé ó tún ń lọ ni?"

"Ó tún ń lọ, Bàbá."

Ó gbé ọwọ́ náà dé ṣóńṣó, ó sì fi sílẹ̀ síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Dókítà kọjú sí fèrèsé, ó ń nu ojú.

Láti ọjọ́ yẹn, Bàbá di ọ̀gá wa. Dókítà ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé láàárín ọjọ́ kan làwọn á ti tẹ́ńpìlì kìíní dé èkejì. Bàbá fi ìka gba ọ̀nà náà, ó ní, "Kò ṣeé ṣe. Ẹ ka iye ìgbà tó yí." Òun ló ní ká fi ìrìn náà sí oṣù kẹsàn-án, nígbà tí òjò ibẹ̀ bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí èrò kò sì pọ̀ mọ́. Èmi ló bá a ra ẹ̀wù òtútù lọ́dọ̀ àwọn olókìríkà.

Ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló kù. Dókítà náà ṣì ń bẹ̀rù, òun ló sì dá a lábàá pé ká kọ́kọ́ dán ẹsẹ̀ Bàbá wò ní Ìdànrè. Àbúrò mi kan tó ń gbé ní agbo ilé wa ní Ìrẹ̀mọ̀ ló fi mọ́tò rẹ̀ gbé wa. Nígbà tó rí Bàbá tó ń fi ọ̀pá wá ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó fà mí sẹ́yìn.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé bàbá yìí lẹ ní wọ́n fẹ́ gun òkè?"

"Àwọn ni."

"Wọn ò mà ríran."

"Wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Àtẹ̀gùn Ìdànrè lé ní ẹgbẹ̀ta. Bàbá fi ọwọ́ òsì lé èjìká Dókítà, ó fi ọwọ́ ọ̀tún di ọ̀pá mú, ó ń gòkè, ó ń kà á lédè rẹ̀. Ó sinmi, ó gòkè, ó tún sinmi. Èmi ló kọ́kọ́ rẹ̀. Àwọn tó ń sọ̀kalẹ̀ ń yà fún wa, wọ́n ń kí i pé "Ẹ kú ìgboyà, Bàbá." Àbúrò mi ń fi fóònù ya fídíò, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ó ki fóònù bọ àpò, ó lọ dúró sẹ́yìn Bàbá, ó na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó ń tẹ̀ lé ọmọ tó ń kọ́ ìrìn.

Nígbà tí a dé òkè, atẹ́gùn ń fẹ́. Bàbá pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tẹ́tí. Ó yí díẹ̀, ó tún pàtẹ́wọ́.

"Àpáta ńlá kan wà lápá ọ̀tún," ó wí. "Ó tóbi ju ti iwájú lọ."

A wo apá ọ̀tún. Bó ṣe sọ ọ́ gan-an ló rí. Àbúrò mi ṣí fìlà lórí.

Dókítà fi fídíò náà ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ ní Íńdíà. Ọjọ́ méjì kọjá kí ọkùnrin náà tó dáhùn. Ó kàn bi í pé, "Ọjọ́ wo lẹ ń bọ̀?"

Wọ́n lọ ní oṣù kẹsàn-án. Dókítà máa ń fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù níbikíbi tó bá ti rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ní ti èkínní, tí mọ́tò kò dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ náà, ọkùnrin mẹ́rin ló gbé Bàbá lórí àga dé ibẹ̀, ó sì jẹ nínú ìrẹsì tí omi àpáta sè. Ní èkejì, ó bọ ẹsẹ̀ sínú odò, òtútù rẹ̀ mú un débi pé ó pariwo, ó wá ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, n kò gbọ́ nǹkan kan fún ọjọ́ mẹ́rin, n kò sì lè jẹun dáadáa.

Nígbà tí ohùn Dókítà tún wọlé, ó ń sọkún, ó ń rẹ́rìn-ín pa pọ̀. Ẹṣin ni Bàbá gùn lọ sí ẹ̀kẹta. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n dé, yìnyín wẹ́wẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í já, ẹṣin náà sì kọ̀, kò gbé ẹsẹ̀ mọ́. Àbúrò rẹ̀, ọkùnrin tó ti bèèrè ohun tí afọ́jú fẹ́ lọ rí, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó pọn bàbá rẹ̀ bí ọmọ, ó sì gùn ún dé ẹnu ọ̀nà tẹ́ńpìlì. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ òun.

Mo tẹ̀ ẹ́, mo tún un gbọ́, bóyá ìgbà mẹ́wàá.

Wọn kò dé ẹ̀kẹrin. Òkè ya lulẹ̀, ó dí ọ̀nà, nígbà tí wọ́n sì fi rí i kó kúrò, àkókò ìsinmi Dókítà ti tán, ìgbà tí wọ́n máa ń ti ilẹ̀kùn tẹ́ńpìlì náà nítorí yìnyín sì ti dé. Òun nìkan ló padà sí Ifẹ̀. Ọmọkùnrin náà ló bẹ Bàbá pé kí ó dúró lọ́dọ̀ òun, ó sì ti gba ilé kan ní ìsàlẹ̀ òkè níbẹ̀ títí wọn yóò fi tún ṣí ilẹ̀kùn tẹ́ńpìlì kẹrin.

Fàráńdà mi wá dákẹ́ rọ́rọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Bàbá pè mí.

"Tíṣà, ọ̀kan ló kù o. Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ kò ní wá wo òkè tí ẹ mọ?"

Mo ní n kò gba páspọ́ọ̀tù rí láyé mi, pé mo ti di ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ní ọjọ́ Ajé, àbúrò mi gbé mi lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba páspọ́ọ̀tù ní Òṣogbo, mo tò sórí ìlà pẹ̀lú àwọn ọmọdé tí wọ́n fẹ́ lọ kàwé ní òkè òkun. Ọmọbìnrin tó ń gba ìwé lọ́wọ́ wa wò mí, ó ní, "Mà, kí lẹ fẹ́ lọ ṣe?"

Mo ní mo fẹ́ lọ gun òkè.