Ohun Tó Fa Ogun Jámánì

Nígbàkigbà tí òórùn ẹja yíyan bá ta sí mi nímú, Ìyá Àgbà ni mo máa ń rántí, lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní Ẹ̀pẹ́. Ó ń yí ẹja lórí iná, èmi jókòó sórí àpótí, mo ń fi ìwé ìtàn ṣe iṣẹ́ tí tíṣà fún wa: kí ló fa ogun Jámánì àkọ́kọ́?

"Wọ́n yìnbọn pa ọmọ ọba kan ni, mà."

"Ikú ẹnì kan ṣoṣo? Ìjà ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kà á síwájú."

Lóòótọ́, ìwé náà ní àwọn ọba òyìnbó ti ń du ilẹ̀ onílẹ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n sì ti ń kó ìbọn jọ.

"Ṣé wọ́n kọ orúkọ àwọn tó bá wọn ru ẹrù síbẹ̀?"

Mo ṣí ìwé náà títí. "Rárá, mà."

Ó bu àárín ẹja fún mi. Mo ti dàgbà kí n tó gbọ́ pé bàbá rẹ̀ bá àwọn sójà ru ẹrù lọ sí Kamẹrúùnù nínú ogun náà nígbà tí ìyá rẹ̀ lóyún rẹ̀, tí kò sì padà wálé.

Lọ́jọ́ náà, mo kàn bi í pé, "Ṣé kí n kọ ọ́ pé àwọn kan bá wọn ru ẹrù, mà?"

"Kọ ọ́, ọmọ mi. Kọ ọ́ gàdàgbà."