Ẹsẹ̀ Ajá Akínladé

Ẹ má bi mí bóyá èèyàn dáadáa ni Akínladé tàbí èèyàn burúkú. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé rẹ̀ àti ibi tí mo ti ń yan gààrí, kò sì sí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí etí mi ò gbọ́. Àwọn tó ń fi orúkọ rẹ̀ jẹun lọ́jà Lánlátẹ̀ báyìí, tí wọ́n ń ṣe "háà, ọkùnrin yẹn le o," ta ló pè wọ́n sí i? Ojú mi ló ṣe.

Ọdẹ ni, àgbẹ̀ sì ni. Abúlé wa ò jìnnà sí títì tó ti Èrúwà lọ sí Lánlátẹ̀. Tí ọ̀kadà bá ti yà sínú ọ̀nà oko, kò ní pẹ́ dé. Akínladé ló ga jù nínú wa, òun náà ló sì ń pariwo jù. Tó bá kí yín káàárọ̀, ẹ ó rò pé ìjà ló bá dé. Ọwọ́ rẹ̀ tún wá yá ju ẹnu rẹ̀ lọ. Ó lu àbúrò rẹ̀ títí eyín fi yọ lẹ́nu ìyẹn. Ó fi ọmọ odó gbá ọlọ́kadà kan léjìká nítorí pé táyà rẹ̀ gun iṣu. Ìyàwó rẹ̀, ìyá Ṣẹ́gunfúnmi, jìyà títí ó fi kó ẹrù, ó fa ọmọ lọ́wọ́, ó gba Ìbàdàn lọ.

Mo dá sí ọ̀kan nínú àwọn ìjà wọ̀nyẹn. Mo ní, "Bàbá Ṣẹ́gun, ṣé ẹ fẹ́ pa á ni?" Nígbà tó wá gba ọmọ ajá tuntun, ó sọ ọ́ ní Má-dá-sí-i. Ní àràárọ̀, á dúró síwájú ilé mi, á máa pe ajá náà kíkan kíkan. Mo mọ ẹni tó ń bá wí. Èmi náà á dáhùn látìdí agbada: "Mo ti dá sí i, kí lẹ fẹ́ ṣe?"

Àmọ́ ká sọ òótọ́, ajá yẹn kì í ṣe ẹgbẹ́ ajá. Lọ́jọ́ kan, túùkù yọ sí Akínladé nínú igbó, ìbọn rẹ̀ kọ̀, kò dún. Túùkù gbé e ṣánlẹ̀, ó fẹ́ fi eyín ya ikùn rẹ̀. Ni Má-dá-sí-i bá fò mọ́ ọn létí. Túùkù ń fi í gbá igi, ó ń fi í gbálẹ̀, ajá ò tú etí yẹn sílẹ̀, títí Akínladé fi rí àdá rẹ̀ mú, tó ṣá ẹran náà lọ́rùn, tó tún un ṣá, tí orí fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Àwọn méjèèjì wọ abúlé tẹ̀jẹ̀tẹ̀jẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ọkùnrin tí kò bu omi fún ìyàwó mu rí, òun ló ń yọ eegun ẹja fún ajá kó tó jẹ ẹ́.

Oko rẹ̀ àti ti Fàtáì ló pààlà. Fàtáì, ọkọ Rùkáyyàh, kì í bá èèyàn jà, kódà tí ẹ bá rẹ́ ẹ jẹ, ẹ̀rín ló máa rín. Ọ̀yà ń jẹ ẹ̀gẹ́ rẹ̀ run, ó wá dẹ tàkúté onírin sétí ààlà. Ó so aṣọ pupa mọ́ igi lókè ibẹ̀, bí a ṣe ń ṣe é níbí, kí ẹni tó ń kọjá lè mọ̀. Ajá mọ ìtumọ̀ aṣọ pupa ni?

Igbe ajá náà ló gbé gbogbo wa dìde. Ẹ̀yin tẹ́ ò bá gbọ́ igbe ajá tí irin há lẹ́sẹ̀ rí, kí Ọlọ́run má jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ. Akínladé fi ọwọ́ lásán ya tàkúté náà, awọ ìka rẹ̀ bó. Ajá ń gé e jẹ, kò tilẹ̀ wò ó. Ó tẹ́ ajá sábẹ́ igi, ó wọ oko Fàtáì, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ àdá bẹ̀rẹ̀ sí í na án. Ó nà án títí Fàtáì fi dojú bolẹ̀ láàárín ebè, tí ẹnu rẹ̀ kún fún yẹ̀pẹ̀. Rùkáyyàh sáré dé, ó dùbúlẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ lórí, Akínladé ò dúró, ó na òun náà mọ́ ọn.

Lẹ́yìn náà ló gbé àdá sókè, ó fi ahọ́n kan irin rẹ̀ lójú gbogbo wa.

"Fàtáì! Tí ẹsẹ̀ ajá yìí bá lọ, ẹ̀mí ẹ ló máa tẹ̀lé e!"

Ọdẹ tó bá fi irin kan ahọ́n kò ṣeré. Kò sẹ́ni tó lè ní kó kó ọ̀rọ̀ náà jẹ. Láti ọjọ́ yẹn, Fàtáì ò lọ sóko mọ́ láìgbé ìbọn ṣakabùlà rẹ̀, ó sì ti kì í sílẹ̀. A bẹ Akínladé, a rán àgbààgbà sí i, ó ní ẹsẹ̀ ajá ni kí wọ́n lọ bẹ̀. Bí ẹ̀mí ọmọ èèyàn ṣe wá dúró lórí ẹsẹ̀ ajá nìyẹn.

Akínladé gbé ajá lọ sọ́dọ̀ Bàbá Malachi, àgbàlagbà tó ń to eegun ní Lánlátẹ̀. Bàbá fọwọ́ tẹ ẹsẹ̀ náà káàkiri, ó ní ó jọ pé eegun ti sán. Ó fi ọparun tó là wẹ́wẹ́ yí i ká, ó fi aṣọ dè é, ó sì yọ ọmọ ìka síta. Ó wá mú adìẹ kan, ó ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀, ó de ìyẹn náà bó ṣe de ti ajá, ó sì ní kí Akínladé gbé e lọ sílé. Bí àwọn tó ń to eegun ṣe ń ṣe é nìyẹn láti ayé àwọn bàbá wọn: ẹsẹ̀ adìẹ ni wọ́n fi ń mọ bí ẹsẹ̀ aláìsàn ṣe ń ṣe.

"Má tú u kí adìẹ tó rìn," Bàbá Malachi kìlọ̀ fún un. "Ṣùgbọ́n àwọn ìka tí mo yọ síta yìí, máa wò wọ́n. Tí wọ́n bá tutù, tí wọ́n bá dúdú, sáré gbé e padà wá bá mi."

Akínladé gbọ́ ọ̀kan, ó fi ìkejì sílẹ̀. Ajá ń fi eyín já aṣọ, ó ń jẹ ọparun, Akínladé ní ìdè náà ń tú, eegun ò ní so. Ó gé rọ́bà lára túùbù ọ̀kadà, ó wé e mọ́ ọn láti orúnkún títí tó fi bo ìka, ó fà á, ó tún fà á, ó ta á ní kókó. Tí ajá bá tún ké, á ní rọ́bà ti dẹ̀, á tún fà á sí i. Ohun tí ọkùnrin yẹn bá fẹ́ràn, kò mọ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ ẹ̀rọ̀ mú un.

Kò pẹ́ tí imú mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ nǹkan. Mo yọ lókè ògiri.

"Bàbá Ṣẹ́gun, ajá yìí ń rùn."

"Egbò tó ń jinná ló ń rùn!"

"Egbò tó ń jinná kì í rùn báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú u wò."

"Adìẹ ò tíì rìn! Àbí ìwọ ni Bàbá Malachi?"

"Èmi kọ́ ni Bàbá Malachi, àmọ́ mo nímú!"

Ó gbé àpótí tó jókòó lé, ó jù ú sí mi. Ó tàsé orí mi, ó ba agbada, gààrí gbígbóná sì dà sí mi lẹ́sẹ̀. Mo ṣépè fún un lọ́jọ́ náà títí ohùn fi há mi. Ó jókòó sílẹ̀, ó gbé orí ajá lé itan, ó ń fi ọwọ́ lé eṣinṣin.

Gbogbo abúlé wá di aṣọ́dìẹ. Àràárọ̀ ni Rùkáyyàh ń wá sọ́dọ̀ mi, á ṣe bí ẹni tó fẹ́ ra gààrí, ojú rẹ̀ á sì máa wo òkè ògiri.

"Màmá Kíkí, ṣé ó ti rìn?"

"Kò tíì rìn."

"Yá Allah." Á mú àgbàdo létí ìró rẹ̀, á jù ú sí adìẹ náà lábẹ́lẹ̀, á sì yára lọ. Kò sí adìẹ tó jẹun tó bẹ́ẹ̀ rí ní abúlé wa.

Adìẹ wá rìn! Ó tiro díẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó sì lé aláǹgbá kan yí ìdí ìkòkò omi po. Ariwo ta. Rùkáyyàh kúnlẹ̀ sórí yẹ̀pẹ̀, ó ń ṣe "Alhamdulillahi," omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó sáré lọ din àkàrà sàráà, ó pín in kiri. Akínladé pàápàá jẹ nínú rẹ̀, ó ní iyọ̀ rẹ̀ kéré. Fàtáì gbé ìbọn kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó jáde sí gbangba, ara gbogbo wa wálẹ̀.

Akínladé ní ká wá wò ó bóun ṣe fẹ́ tú u. Ó fi ọ̀bẹ gé rọ́bà. Òórùn tó jáde lé àwa tá a sún mọ́ ọn sẹ́yìn. Ìdin ń hó lábẹ́ ọparun. Ẹsẹ̀ náà ti dúdú bí èédú, nígbà tó sì fa aṣọ, àtẹ́lẹsẹ̀ ajá bá aṣọ jáde, ó sì bọ́ sílẹ̀ níwájú wa. Má-dá-sí-i fò dìde, ó gé ọwọ́ olówó rẹ̀ jẹ dé eegun. Akínladé gbé àdá sókè sí ajá tirẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lókè bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń kán láti ibẹ̀ sórí rẹ̀. Ó wá yíjú sí apá ibi tí ilé Fàtáì wà.

Abọ́ àkàrà já bọ́ lọ́wọ́ Rùkáyyàh, ó sì sáré. Kí n tó pajú dé, mo rí Fàtáì tó gbé ìbọn rẹ̀ tó gba ọ̀nà oko.

Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́, síbẹ̀ mo dúró síwájú àdá náà. "Bàbá Ṣẹ́gun, ajá ń kú lọ! Tí ẹ bá fẹ́ jà, ẹ jà tó bá yá. Ẹ jẹ́ ká gbé e dé Èrúwà!" Ọ̀rọ̀ ajá tí mo sọ ló mú kó gbé àdá sọ̀ kalẹ̀. A fi àpò dì í, a pe ọlọ́kadà kan, Akínladé jókòó lẹ́yìn rẹ̀, èmi lẹ́yìn Akínladé, ajá láàárín wa.

Dókítà ẹran tó wà níbẹ̀, Àdúràọlá ni wọ́n ń pè é, fún ajá lábẹ́rẹ́, ó sì gé ẹsẹ̀ náà kúrò lókè. Akínladé ló di ajá mú. Nígbà tó parí, dókítà béèrè ẹni tó fi rọ́bà dè é.

"Tàkúté ló ṣe é!" Akínladé jágbe.

"Bàbá, ẹ sún mọ́bí." Obìnrin náà gbé ẹsẹ̀ tó gé síwájú rẹ̀. "Ibi tí tàkúté gé nìyí, ó ti ń jinná. Eegun ibẹ̀ ò kán. Ibi tí rọ́bà fún nísàlẹ̀ ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti kú. Ẹ̀jẹ̀ ò ráyè kọjá."

Akínladé gbá tábìlì, gbogbo irin orí rẹ̀ fọ́n ká. Ó gbọ́wọ́ sókè sí dókítà, mo rọ̀ mọ́ apá rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára mi. Lójijì ni apá náà dẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Èmi ni," ó ní. "Màmá Kíkí, èmi ni mo fà á." Ó sunkún, ikun imú rẹ̀ ń dà, kò nù ún.

A fi ajá sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà. Nígbà tí a dé orí ọ̀nà oko, Akínladé sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, àdá rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun ń lọ bá Fàtáì, òun fẹ́ sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ti tán.

"Ẹ jẹ́ kí n ṣáájú," mo ní. "Àbí kẹ́ ẹ fi àdá sílẹ̀."

"Oko ni mò ń lọ, mi ò ní mú àdá?"

Ó ti lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, mi ò lè bá a. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ níwájú, ó ń kígbe wọ inú ẹ̀gẹ́: "Fàtáì! Fàtáì dà? Jáde síbí! Ẹsẹ̀ ajá ti lọ o! Jáde, kí n sọ fún ẹ..." Èmi náà ń kígbe lẹ́yìn pé, "Fàtáì, má yìn ín! Má yìn ín!" Ìbọn dún.

Mo bá a lórí ebè, ó jókòó, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn rẹ̀. Wẹ́wẹ́ irin ni Fàtáì kì sínú ìbọn náà, ó sì ti ya ikùn Akínladé. Fàtáì dúró síbẹ̀, ìbọn ṣì ń rú èéfín, ìtọ̀ ń ṣàn sí ṣòkòtò rẹ̀. Mo tú ìró mi, mo fi dì í níkùn, ọlọ́kadà bá mi gbé e. Ojú ọ̀nà Èrúwà la wà tó fi kú mọ́ mi láyà. Ohùn rẹ̀ ti kéré débi pé mo ní láti gbé etí sún mọ́ ẹnu rẹ̀. "Sọ fún Fàtáì. Rọ́bà mi ni."

Mo bínú sí i, mo ṣì ń bínú sí i nínú ilẹ̀ tó wà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí òkú rán ni, kò sí bí mi ò ṣe ní jẹ́ ẹ. Mo lọ bá Fàtáì ní àgọ́ ọlọ́pàá, mo gbé oúnjẹ tí Rùkáyyàh fi rán mi dání.

"Fàtáì, Akínladé ní kí n sọ fún ẹ pé tàkúté ẹ kọ́ ló pa ẹsẹ̀ ajá òun. Ó ní rọ́bà òun ni."

Ó wò mí láàárín irin. "Kí ló dé tí kò sọ ọ́ fún mi?"

"Ó ń sọ ọ́ lọ́wọ́ lo yìnbọn."

Ó fi iwájú orí lu irin ilẹ̀kùn, ó tún fi lù ú, títí ọlọ́pàá fi wá fà á kúrò. Oúnjẹ Rùkáyyàh wà lọ́wọ́ mi, mi ò mọ ẹni tí mo máa gbé e fún.