Sálúbàtà Ìyá Ràbí

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, mi ò sì ní bínú sí yín. Èmi, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò, ni mo jí sálúbàtà ìyá arúgbó kan.

Lọ́dún tí omi ya wọ ilé àwọn ará ìsàlẹ̀ Ìgàndò, ìjọ aláṣọ funfun kan ṣí gbọ̀ngàn wọn sílẹ̀ fún àwọn tí omi lé jáde. Mo lọ yọ̀ǹda ara mi. Mo rò pé wọ́n á ní kí n máa kọ orúkọ sínú ìwé. Arábìnrin tó ń ṣe kòkárí ibẹ̀ wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Sà, ẹ máa bá wa mójú tó bàtà."

Ẹ má rẹ́rìn-ín jàre. Wọn kì í wọ bàtà wọ gbọ̀ngàn yẹn, ì báà jẹ́ omi ló lé èèyàn débẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni gbogbo bàtà ń dúró sí, lọ́dọ̀ mi. Mo máa ń ṣan ẹrẹ̀ ara wọn, mo máa ń so wọ́n ní méjì-méjì, màá wá fi páálí kékeré tí mo kọ nọ́ńbà sí há wọn láàárín. Bàbá kan sá jáde nílé tòun ti bàtà ẹsẹ̀ òsì méjì. Mo ní, "Ẹsẹ̀ ọ̀tún ńkọ́?" Ó ní ìyẹn ti lúwẹ̀ẹ́ lọ sí Bàdágírì.

Inú gbọ̀ngàn ni ọ̀rọ̀ àti ẹ̀rín wà. Ìta ni èmi àti bàtà wà. Nírọ̀lẹ́, màá padà sí Egan, sí ilé oníyàrá mẹ́ta tí èmi nìkan ń gbé láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú. Òkè òkun ni àwọn ọmọ wà. Ohùn mi nìkan ló kù nínú ilé, kò sì ní ìròyìn tuntun kankan fún mi.

Ìyá Ràbí nìkan ló máa ń jáde wá jókòó tì mí. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, báńdéèjì sì wà lẹ́sẹ̀ wọn, níbi tí páànù ti gé wọn nínú omi. Sálúbàtà ọkùnrin ńlá kan, ti ọkọ wọn tó ti dolóògbé, nìkan ni wọ́n rí mú jáde.

"Ọkọ mi, o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, mà."

"Irọ́ ni. Wo ojú ẹ." Wọ́n á sì gé búrẹ́dì wọn sí méjì.

Omi fà, àwọn èèyàn ń lọ, ìlà bàtà mi ń kúrú. Ó ku mẹ́wàá, ó ku mẹ́ta. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ràbí fúnra rẹ̀ dé láti Abẹ́òkúta pẹ̀lú mọ́tò tó háyà, ó ní òun wá mú ìyá òun lọ pátápátá. Bí mo ṣe gbọ́ "pátápátá" yẹn, kí n tó mọ̀, mo ti ti sálúbàtà wọn sábẹ́ àpò ìrẹsì kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Bàtà mi dà?" Ìyá bi mí.

"Ẹ jẹ́ ká wá a, mà." Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń wá ohun tí mo mọ ibi tó wà.

"Màmá, bàtà lásán!" Ràbí ní. "Màá ra tuntun fún yín. Ẹ jẹ́ kí n pọ̀n yín dé mọ́tò, dẹ́rẹ́bà ti ń bínú."

Ìyá jókòó sórí àtẹ̀gùn, omijé ń dà lójú wọn. "Òun náà ló kù lára bàbá yín," ni wọ́n ń wí.

Ẹ̀fẹ̀ tán lẹ́nu mi. Mo fa sálúbàtà náà yọ, mo dọ̀bálẹ̀.

"Èmi ni mo gbé e pamọ́, mà."

"Nítorí kí ni?"

"Kí ẹ má bàa lọ."

Ìyá mú ẹyọ kan, wọ́n fi gbá mi léjìká, kò dùn mí rárá. "Ọmọ burúkú! O ò bá sọ." Wọ́n ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, wọ́n di èjìká mi mú dìde, ó di inú mọ́tò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹsẹ̀ mi tún gbé mi débẹ̀. Gbọ̀ngàn ti ṣófo. Arákùnrin kan tí mi ò rí rí ń fọ ilẹ̀. Ó rí mi lẹ́nu ọ̀nà, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó rọra béèrè pé, "Bàbá, ṣé omi wọ ilé tiyín náà ni?"

Mo fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo pa yẹ̀yẹ́ náà tì. Mo bọ́ bàtà mi, mo wọlé fún ìgbà àkọ́kọ́, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ó lọ po tíì wá fún mi.