Omi Tí Mo Ń Bù fún Àǹtí

Òórùn ọṣẹ ìfọṣọ ló máa ń gba ẹ̀yìn ilé gbígbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lọ́nà Ìjàgbó, níbi tí mo ti ń gé tẹ̀tẹ̀ lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ náà dé bá mi. Omi tí wọ́n fi fọṣọ ni wọ́n ń sẹ́ nínú kòtò símẹ́ńtì mẹ́ta, tó bá fi máa jáde nísàlẹ̀, á ti mọ́ gaara. Òun ni mo fi ń bomi rin ẹ̀fọ́ mi, òun náà ni mo ń bù fún Àǹtí.

Àǹtí ni mo ń pe olùkọ́ obìnrin tó ń ṣèwádìí bóyá oró ọṣẹ ṣì ń kù nínú omi ọ̀hún lẹ́yìn tí wọ́n bá sẹ́ ẹ tán. Gbogbo àárọ̀ Ọjọ́ Ajé ni mo ń bá a pọn ọ́n sínú ìgò. Ó kọ́ mi pé n ò gbọdọ̀ fi ọṣẹ kan ìgò yẹn, omi náà gan-an ni kí n fi ṣan án lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyá mi, tó gbà pé àwo tí ò rí ọṣẹ ò tíì mọ́, ì bá bú mi. Ṣùgbọ́n “àbúrò mi” ni Àǹtí ń pè mí, ọ̀dọ̀ mi ló sì ti ń ra ẹ̀fọ́. Nígbà tó yá, ó ní dókítà ní kóun má jẹ ẹ́ mọ́. Mo tiẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé irú dókítà wo ló ń bá tẹ̀tẹ̀ jà. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Bàbá tó máa ń wá gbé àwọn ìgò náà lọ sílé àyẹ̀wò ló dúró tì mí lọ́jọ́ yẹn, tó ń wo ẹ̀fọ́ ọwọ́ mi.

“Ìwọ náà ń jẹ ẹ́?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà, ọmọ mi gan-an kì í fẹ́ jẹun bí ò bá sí i.

Bàbá gbé àwọn ìgò náà kalẹ̀. “Ọ̀gá ò sọ fún ẹ ni? Oró ọṣẹ yẹn ò kúrò o. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tá a ti rí i.”

Mo ka oṣù mẹ́rin sẹ́yìn. Ìgbà tí dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í bá tẹ̀tẹ̀ jà gan-an ni.

Mo pe Àǹtí lórí fóònù. Kò jiyàn. Ó ní ìwádìí ò tíì parí, pé bóun bá sọ ọ́, àwọn aláṣẹ lè ti kòtò náà pa kóun tó ṣe é tán. “Àbúrò mi, mo ń wá ọ̀nà tí màá gbà sọ ọ́ fún ẹ ni.”

Kò pẹ́ rárá kó tó rí ọ̀nà tóun fúnra rẹ̀ ò fi ní jẹ tẹ̀tẹ̀ náà.

Ó lóun ò tíì lè sọ ohun tí oró náà lè ṣe lára èèyàn. Mo ṣáà mọ̀ pé ọwọ́ tí mo fi ń kún ìgò rẹ̀ ni mo fi ń da ìyókù sórí oúnjẹ ọmọ mi.

Lọ́jọ́ kejì tí mo ń hú ẹ̀fọ́ náà dànù, ọmọ mi bi mí pé kí ló ṣe. Mo ní kò ṣe nǹkan kan. Mo wá fà á mọ́ra, mo sọ òótọ́ fún un, mo sì ní:

“Tó o bá mọ ohun tó lè pa ẹnì kan lára, kọ́kọ́ sọ fún un. Lẹ́yìn ìyẹn ni kó o wá kọ ọ́ sínú ìwé.”