Idà Tí Ìyá Mi Bá Wọn Fọ̀

Inú mi kì í pẹ́ ru, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́. Lọ́sàn-án Sátidé tí mo ra ọjà ní Gesundbrunnen, ládùúgbò wa ní Berlin, tí mo wọlé, tí mo bá idà onídà lórí tábìlì ìjẹun mi tó ń dán gbinrin, igbe tí mo fi bọnu, ọmọ mi tó ń sùn ta jí.

“Mọ́mì! Kí lẹ fi kàn án?”

Ìyá mi, tí wọ́n wá láti Abẹ́òkúta kí wọ́n lè máa bá mi wẹ ọmọ tuntun, di kànìnkànìn onírin tí mo fi ń fọ ìkòkò mú lọ́wọ́. Iyọ̀ àti òróm̀bó wẹ́wẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n wò mí tìyanu-tìyanu.

“Ó ti dógùn-ún ni, mo bá wọn fọ̀ ọ́. Àbí bó ṣe rí yẹn lo fẹ́ gbé e jáde? Wọ́n á ní kò sí àgbà nínú ilé.”

Màmá òkè ló ni idà náà. Ará Jámánì ni wọ́n, wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún, òkè orí wa gan-an ni wọ́n ń gbé. Ọmọ-ọmọ wọn obìnrin fẹ́ fẹ́ ọmọ Pólàńdì kan, àwọn àna sì ń bọ̀ wá mọ ilé. Bàbá wọn ló fi idà yìí sílẹ̀ fún wọn, tó sì máa ń sọ pé ti bàbá àgbà òun ni, ọmọ Pólàńdì tó gẹṣin jagun láyé àtijọ́. Ohun tí Màmá òkè fẹ́ ṣe ni pé kí wọ́n gbé e lé àwọn àna lọ́wọ́, kí wọ́n sọ pé ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wá. Ṣùgbọ́n wọn ò fẹ́ fi ẹnu lásán sọ ọ́. Wọ́n fẹ́ kí Gutachter, ẹni tó mọ ohun ìjà àtijọ́, wò ó kó sọ ọjọ́ orí rẹ̀. Hamburg ni ọ̀gbẹ́ni náà wà, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà mi sì máa ń gbé mi débẹ̀. Ni wọ́n bá ní kí n bá àwọn gbé e lọ. Ṣé mo lè kọ̀ fún àgbà tó ń gbé ọbẹ̀ gbígbóná wá fún mi látìgbà tí mo ti bímọ?

Èmi tí mi ò mọ nǹkan kan nípa idà, mo mọ̀ pé wọn kì í fọ nǹkan àtijọ́. Ojú tì mí débi pé mi ò lè gun àtẹ̀gùn lọ sọ fún Màmá òkè. Ẹ wo ìyá mi nílẹ̀ onílẹ̀! Wọ́n bi mí pé, “Ṣé mo ti bà á jẹ́ ni?” Mo we idà náà, mo tì í mọ́nú àpótí gígùn bí òfin ibẹ̀ ṣe wí fún ohun ìjà. Nígbà tó di ọjọ́ Mọ́ńdè, mo wọ ọkọ̀ ojú irin.

Billbrook ní Hamburg ni ilé iṣẹ́ ọkùnrin náà, láàárín àwọn ilé ìkẹ́rù-sí. Bó ṣe fa idà yọ báyìí, ó dijú pì.

“Ta ló fọ̀ ọ́?”

“Ìyá mi ni.” Ilẹ̀ ni mò ń wò. Ká ní ilẹ̀ lanu ni, ǹ bá wọlé.

Ó ní ìpẹtà ni àwọn fi ń ka ọjọ́ orí irin, pé wọ́n ti bó o láwọ. Ó wá gbé gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá lé e. Ó fi ìka hàn mí: ẹyẹ idì kékeré kan tó dé adé wà lára irin náà nídìí èèkù, nọ́ńbà sì wà lókè rẹ̀, ìpẹtà ló ti bò wọ́n tẹ́lẹ̀. Ó fa àkọ̀ rẹ̀ mọ́ra. Nọ́ńbà kan náà ló wà níbẹ̀.

“Alágbẹ̀dẹ ayé àtijọ́ kì í kọ nọ́ńbà sídà,” ó ní. “Ilé iṣẹ́ ńlá ló rọ èyí. Àmì ìjọba Pólàńdì ni idì yẹn, àwọn ló pín in fún sójà ẹlẹ́ṣin, láàárín ogun àgbáyé méjèèjì. Bàbá àgbà tí ẹ ń wí yẹn ti ní láti kú kí wọ́n tó rọ ọ́.”

Mo ní báwo ló ṣe wá dọ́wọ́ bàbá Màmá òkè? Mo rántí àwòrán tó wà ní pálọ̀ Màmá òkè, bàbá wọn nínú aṣọ sójà Jámánì láyé ogun àgbáyé kejì, tó ń rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà ní kò sí sójà tí í fi idà rẹ̀ tọrẹ fún ọ̀tá lójú ogun.

Àwọn àgbà ní bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì ba èèkù idà, a kì í béèrè ikú tó pa baba ẹni. Títí mo fi dé Berlin, ọmọ sójà Pólàńdì tó ni idà náà ni mò ń rò, tí ọwọ́ rẹ̀ kò ba èèkù yìí rí.

Nígbà tí mo fẹ́ gòkè lọ jíṣẹ́, ìyá mi pọn ọmọ, wọ́n tẹ̀ lé mi. Wọ́n ní àwọn fẹ́ bẹ̀bẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti kúnlẹ̀: “Ẹ má bínú, mà.” Màmá òkè ò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Mo fi èdè Jámánì ṣàlàyé pé ìyá mi ló fọ idà náà. Mo wá sọ ìyókù, mo yára sọ ọ́ kí ahọ́n mi má baà lọ́.

Màmá òkè wọ awò ojú, wọ́n fọwọ́ kan nọ́ńbà náà.

“Bàbá mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ̀ ọ́ rí,” wọ́n ní. “Ọjọ́ tí màmá mi gbé aṣọ ìnulẹ̀ sí i, ṣe ni bàbá gbá wọn lọ́wọ́. Èmi rò pé ìfẹ́ bàbá àgbà ni.” Ojú wọn pọ́n, wọn ò lè wò mí. “Ojú ń tì mí,” wọ́n ní, wọ́n sì fi ọwọ́ méjèèjì bojú.

Ìyá mi ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. “Kí ni wọ́n wí? Ṣé wọ́n ti dárí jì mí?”

Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ ọ́ lédè wa, pé arúgbó yìí ń wí pé bàbá òun gba idà lọ́wọ́ òkú? Mi ò lè sọ ọ́.

“Wọ́n ní ẹ ṣeun,” mo wí.

Ojú ìyá mi là. “Há! Kò tọ́pẹ́ rárá! Sọ fún wọn pé báyìí gan-an ló tó gbé síwájú àna.”

Màmá òkè gbé ọwọ́ kúrò lójú, wọ́n bi mí pé kí ni ìyá mi wí.