Kọ̀mpútà Tó Ń Pe Àkókò Ìṣínu

Ìyá mi máa ń sọ pé bí wọ́n bá fún mi lómi mu, màá kọ́kọ́ béèrè odò tí wọ́n ti pọn ọ́n. Kò parọ́ mọ́ mi. Èmi kì í tètè gba èèyàn gbọ́. Bí mo bá ra ẹ̀wà lọ́jà, màá ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ kóńgò kí n tó gbé e. Nígbà tí bàbá mi ránṣẹ́ sí mi ní Ìbàdàn pé òun ti bá mi rí ibi tí màá ti ṣiṣẹ́ kọ̀mpútà ní Ṣakí, ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé wọ́n ti lu bàbá mi ní jìbìtì.

Láàárín àwọn ọdún 1980 ni. Mo ń kọ́ nípa kọ̀mpútà ní pólì, ilé-ìwé sì ní kí olúkúlùkù wa lọ fi oṣù díẹ̀ ṣiṣẹ́ níbi tí a ó ti fọwọ́ ara wa kan iṣẹ́ náà. Mo ti kiri gbogbo báǹkì tó ní kọ̀mpútà ní Ìbàdàn, wọn ò gbà mí. Ta ló wá ní kọ̀mpútà ní Ṣakí, níbi tí iná ìjọba ti ń ṣe bí àlejò?

Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ni mo bá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń lọ èlùbọ́, tí ìyẹ̀fun funfun ń fẹ́ wọlé látojú fèrèsé. Kọ̀mpútà kan wà lórí tábìlì tí wọ́n fi aṣọ bò, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan, tépù rikọ́dà kan, àti jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìnkùlé. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ló dá iṣẹ́ náà sílẹ̀, ọmọ Ṣakí ni àwọn méjèèjì. Àbúrò ló wà lọ́dọ̀ wa, òun ni mo ń pè ní ọ̀gá. Ẹ̀gbọ́n, tí ọpọlọ iṣẹ́ wà lórí rẹ̀, ń gbé ní Kánò. Òun ló ń kọ àwọn àṣẹ tí kọ̀mpútà ń tẹ̀ lé, orí kásẹ́ẹ̀tì ló sì ń kó wọn sí, irú kásẹ́ẹ̀tì tí a fi ń gbọ́ orin. Á fi rán dírẹ́bà tó ń kó àlùbọ́sà bọ̀. Kásẹ́ẹ̀tì kejì ló fi ń bá wa sọ̀rọ̀, torí tẹlifóònù ìgbà yẹn kò ṣeé gbára lé. Dírẹ́bà kan sọ fún mi pé òun fi kásẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ sínú rédíò ọkọ̀ lójú ọ̀nà láti gbádùn orin. Ó ní kí n bá òun sọ fún akọrin yẹn pé kó lọ wá iṣẹ́ mìíràn ṣe.

Mo bi ọ̀gá pé ìgbà wo ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń bọ̀ wálé. Ó ní ó di Iléyá. Mo tún bi í bóyá fọ́tò ẹ̀gbọ́n náà wà. Ó wò mí títí, ó ní kí n lọ mójú tó iṣẹ́ mi. Ohun mìíràn tún wà: kásẹ́ẹ̀tì tó bá jẹ́ ti ọ̀rọ̀, ọ̀gá á dá gbọ́ ọ, á sì tì í mọ́ inú àpótí. Iṣẹ́ tí a ó ṣe nìkan ni yóò sọ fún mi. Ara bẹ̀rẹ̀ sí fu mí gidigidi. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Lọ́kàn mi, kò sí ẹ̀gbọ́n kankan ní Kánò.

Kàlẹ́ńdà ààwẹ̀ ni iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́. Oṣù Ràmàdáànì ti ń kan ilẹ̀kùn. Kọ̀mpútà ni yóò ṣírò àkókò sààrì àti àkókò ìṣínu ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, a ó tẹ̀ ẹ́, a ó sì pín in fún àwọn mọ́ṣáláṣí láti Ṣakí lọ dé Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, Ipapo àti Ijio. Bàbá mi ló mú ọ̀rọ̀ náà wọ mọ́ṣáláṣí tiwa. Oníṣòwò iṣu ni wọ́n, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ méjì. Wọ́n dìde lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, wọ́n ní lọ́dún yìí, ọmọ àwọn tó jẹ́ obìnrin ló máa kọ kàlẹ́ńdà tí ìlú yóò fi gbààwẹ̀. Lèmọ́mù ṣàdúà sí i, gbogbo èèyàn ṣe àmín. Láti ọjọ́ náà ni orúkọ bàbá mi ti wà lórí ìwé tí èmi ò tíì tẹ̀. Ìyẹn gan-an ló ń já mi láyà. Bí àkókò ìṣínu bá fi lè yá ju oòrùn lọ, ààwẹ̀ gbogbo ìjọ ló bàjẹ́, ọrùn bàbá mi ni wọn yóò sì gbé e kọ́.

Mo dojú kọ iṣẹ́ náà, mo tú àṣẹ inú rẹ̀ wò ní ìlà ìlà. Mo rí ibi tó ti fún oṣù kẹrin ní ọjọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n, mo tún un ṣe. Inú mi dùn, mo ti ń rí ara mi bí ọ̀gá. Ìlà kan wá wà tí nọ́ńbà méjì péré wà nínú rẹ̀, láìsí àlàyé kankan. Mo bi ọ̀gá pé kí ni wọ́n wà fún.

"Má fọwọ́ kàn án," ó ní. "Bùrọ̀dá mi ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án."

"Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ sà?"

"Ṣé iṣẹ́ lo wá kọ́ ni, àbí o wá ṣe ọlọ́pàá?"

Mo padà sídìí iṣẹ́ mi. Ṣùgbọ́n n kò gbàgbé.

A fi oṣù tó ṣáájú oṣù ààwẹ̀ dán iṣẹ́ náà wò, mo sì mú ẹ̀dà kan lọ sílé kí bàbá mi lè rí bó ṣe máa rí. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri pálọ̀, wọ́n ní kí n tún tẹ méjì sí i fún àwọn ọ̀rẹ́ àwọn méjì. N kò rí nǹkan kan sí i. Mo rò pé wọ́n kàn fẹ́ fi mí yangàn ni.

Ọjọ́ Àlàmísì kan, epo jẹnẹrétọ̀ tán, mo tètè délé. Bàbá mi jókòó síwájú ilé. Ààwẹ̀ nàfílà, èyí tí kì í ṣe dandan, ni wọ́n gbà lọ́jọ́ náà, gẹ́gẹ́ bí ìṣe àwọn àti ọ̀rẹ́ wọn méjèèjì. Dàbínù wà nínú àwo, omi wà nínú ife, aago tábìlì sì wà lórí orúnkún wọn. Bí aago náà ṣe pé iye tó wà lára ìwé mi, wọ́n ní "Bísímílà," wọ́n sì mu omi.

Òkè tó wà níwọ̀-oòrùn ilé wa ti bo oòrùn, ìyẹn kì í ṣe tuntun. Ṣùgbọ́n mo gbójú sókè, mo rí ìmọ́lẹ̀ oòrùn lórí páànù mọ́ṣáláṣí, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Àwọn adìyẹ ṣì ń jẹ̀ kiri. Bàbá mi jẹ dàbínù tán, wọ́n ṣàlùwàlá, wọ́n jókòó dúró. Ó pẹ́ kí làdáànì tó pe ìrun Mọ̀gàríbà.

"Làdáànì wa yìí ti ń dàgbà," bàbá mi ní, wọ́n sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

N kò lè rẹ́rìn-ín. Mo wọlé lọ tún ìwé ara ògiri náà kà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá ọ̀gá nínú ṣọ́ọ̀bù, mo sọ ohun tí mo rí fún un. Kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀.

"Ta ló rán ọ?" ó ní. "Ẹni tó ń kó kàlẹ́ńdà wá tà níbí láti Ìbàdàn, àbí? Èló ló fún ọ?"

Mo ní kò sẹ́ni tó rán mi. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun dúró síwájú ilé ara rẹ̀, ó fojú ara rẹ̀ wo oòrùn bó ṣe ń wọ̀, àkókò náà sì ṣe rẹ́gí. Mo ní irọ́ ni. Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kí n tó mọ̀. Èmi rò pé irọ́ ni wọ́n ń pa fún wa láti Kánò, òun rò pé wọ́n ti fi owó ra èmi, kọ̀mpútà sì wà láàárín wa, kò sọ nǹkan kan. Níkẹyìn mo ní tí n kò bá gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì náà pẹ̀lú etí ara mi, bàbá mi yóò dìde ní mọ́ṣáláṣí lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọn yóò sì yọwọ́. Ó bínú ṣí àpótí.

Ẹ̀gbọ́n náà wà lóòótọ́. Ohùn rẹ̀ rọra ń lọ, ohùn ẹni tó ti rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́. Ó ń ṣàlàyé àkókò ìṣínu lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ làdáànì lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Ẹ gbọ́, wọ́n ń pè é báyìí, ó bá a mu géẹ́. Ẹ jẹ́ n kírun." Kò pa rikọ́dà náà. A gbọ́ ewúrẹ́, a gbọ́ omi tó ń dà sílẹ̀. Ó padà dé, ó tún ń sọ̀rọ̀ lọ, ìgbà náà ni mo gbọ́ fèrè kan láti inú rédíò lẹ́yìn rẹ̀.

Mo ní kí ọ̀gá yí i padà sẹ́yìn. Fèrè tí mo mọ̀ ni. Rédíò ìjọba àpapọ̀ ló máa ń fun ún lójoojúmọ́ kí ètò àwọn àgbẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, àsìkò kan náà ni gbogbo Nàìjíríà sì ń gbọ́ ọ. Nílé wa, fèrè yẹn ni ìyá mi fi ń mọ̀ pé ó tó àkókò láti lọ kó èlùbọ́ tí a sá sórí àpáta ẹ̀yìn ilé. Ìgbàkigbà tí mo bá sì gun àpáta náà láti kó èlùbọ́, oòrùn ṣì wà lójú ọ̀run, á ràn sí mi lójú. Ọkùnrin yìí ti kírun Mọ̀gàríbà tán ní Kánò kí fèrè tó dún.

Kò sẹ́ni tó parọ́. Kánò wà níhà ìlà-oòrùn sí wa, oòrùn ń wọ̀ lọ́dọ̀ wọn kó tó wọ̀ lọ́dọ̀ wa, aago wa sì jẹ́ ọ̀kan náà. Àwọn nọ́ńbà méjì tí wọ́n ní kí n má fọwọ́ kàn, àwọn ló ń sọ ibi tí ìlú wà fún kọ̀mpútà. Ìlú tó wà níbẹ̀ ni Kánò. Mo bi ọ̀gá pé kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó wo ilẹ̀. Ó ní òun náà kò mọ ohun tí wọ́n wà fún, ojú ń ti òun láti bi ẹ̀gbọ́n òun ni. Mo yá máàpù wá, mo fi Ṣakí sípò Kánò. Lọ́jọ́ náà, èmi àti ọ̀gá gun àpáta pẹ̀lú aago. Oòrùn wọ̀ bí ìwé tuntun ṣe wí.

Ti bàbá mi ló kù. Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, pé ààwẹ̀ tí wọ́n fi ìwé yẹn ṣínu kò pé, tiwọn àti ti àwọn ọ̀rẹ́ wọn.

"Mo rí oòrùn lórí páànù," wọ́n ní.

"Ẹ rí i? Kí ló wá dé tí ẹ ò sọ, Bàbá?"

"Ìwọ lo kọ ìwé. Mo ní ojú mi ló ń tàn mí jẹ."

Wọ́n dìde, wọ́n wọ bàtà, wọ́n sì lọ sílé àwọn ọ̀rẹ́ wọn méjèèjì láti lọ sọ pé àwọn ti ṣì wọ́n lọ́nà. Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n dìde níwájú ìjọ, wọ́n sọ ọ́ bó ṣe rí, wọ́n sì fi ìwé tuntun lé lèmọ́mù lọ́wọ́. Ìwé tuntun ni Ṣakí fi gbààwẹ̀ lọ́dún náà, kò sí ẹni tí ààwẹ̀ rẹ̀ bàjẹ́. Àwọn kan tilẹ̀ ń kí mi lójú pópó.

Ṣùgbọ́n kí oṣù Ràmàdáànì tó lé, bàbá mi ti pinnu láti san àwọn ààwẹ̀ tí ìwé àkọ́kọ́ bà jẹ́ padà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, èmi ni mo gbé omi àti dàbínù jáde fún wọn. Mo ti wo ìwé, mo ti wo aago, mo ti gun àpáta lọ wò, oòrùn ti wọ̀. Mo ní, "Bàbá, ó ti tó. Ẹ ṣínu."

Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Wọ́n gbé ife náà sílẹ̀, wọ́n ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò wọn sókè, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí gun àpáta lọ láti fojú ara wọn wò ó.