Kí Ilé Lè Móoru De Ọkọ Mi

“Ẹ jẹ́ kí n máa lọ sílé.” Ohun tí ọkọ mi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá ti dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn ní ọsibítù nìyẹn. Kì í ṣe ilé ní Ìbàdàn ni wọ́n ń wí o. Ilé wa ní Peckham, ní London, ni, níbi tí àga wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tí wọ́n ti máa ń wo bọ́ọ̀sì tí wọ́n á sì máa bú dírẹ́bà tí kò gbọ́ wọn. Dókítà ti pè mí sí kọ̀rọ̀. Ó ní ọkàn wọn ti rẹ̀ kọjá ohun tí oògùn lè gbé ró, pé kò sí nǹkan tí àwọn tún lè ṣe ju kí àwọn máa wò wọ́n lọ. Tó bá jẹ́ ilé ló wù wọ́n, kí wọ́n máa lọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. N kò mọ ohun tí mo ń dúpẹ́ fún.

Nọ́ọ̀sì tó ń ṣètò bí wọ́n ṣe máa padà sílé wá bi mí bóyá ilé wa ń móoru dáadáa. Mo ní ó ń móoru. Ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀, torí pé àwọn kò lè gbé ẹni tí ọkàn rẹ̀ rí báyìí lọ sínú ilé tó tutù, àti pé ẹnì kan máa wá fojú rí i kí wọ́n tó gbé wọn kúrò. Mo ní kò séwu.

Láti ọjọ́ tí áńbúláńsì ti gbé ọkọ mi lọ, n kò tíì sùn nílé. Orí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni mo ń sùn, ọ̀dọ̀ ọmọ wa obìnrin ní Sydenham ni mo sì ti ń wẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ padà láti tún ilé ṣe. Mo ṣí ilẹ̀kùn, òtútù ló kí mi káàbọ̀. Ilé náà tutù débi pé mo ń rí èémí ara mi.

Ara ògiri ilé ìdáná ni bọ́ílà, ẹ̀rọ tó ń mú ilé wa móoru, wà. Mo tẹ bọ́tìnnì rẹ̀. Ó hó fùù, ó ta pá, pá, pá, bí ẹni ń ṣá ìṣáná tí omi ti bà jẹ́, ó sì dákẹ́. Iná pupa yọ. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Pá, pá, pá. Iná pupa. Mo pe ọmọ wa lórí fóònù.

“Mummy, ṣé ẹ ti check pressure ẹ̀?”

“Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?”

“Aago kékeré yẹn, nísàlẹ̀. Ṣé ọwọ́ ẹ̀ wà ní green?”

“Ó wà níbẹ̀.”

“Okay. Bátìrì thermostat ńkọ́?”

Mo yọ bátìrì rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n, mo fi pààrọ̀ ti thermostat tó ń darí ooru lára ògiri. Kò yí nǹkan kan padà. Ọmọ mi ní ó ṣeé ṣe kí yìnyín ti dí páìpù funfun tó yọ síta, pé kí n bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lé e, “not boiling o, Mummy, ẹ jọ̀ọ́.” Mo gbé kẹ́tùlù jáde tèmi ti sìlípáàsì, mo ń wẹ páìpù bí ẹni ń wẹ ọmọ. Omi tó dà sílẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi ṣubú. Mo wọlé, mo tẹ bọ́tìnnì. Pá, pá, pá.

Mo pe lándílọ́ọ̀dù wa, ẹ̀rọ ló dáhùn, ó ní wọ́n ti rìnrìn àjò. Mo pe àwọn tó ń tún bọ́ílà ṣe. Gbogbo wọn ní òtútù ọ̀sẹ̀ yẹn ti ba bọ́ílà gbogbo ayé jẹ́, kí n fara balẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ jìnnà sí ọkọ mi. Ọ̀kan nínú wọn ní “Sorry, my love,” ó sì pa fóònù. Níkẹyìn, mo gbé ọwọ́ méjèèjì lé bọ́ílà náà, mo gbàdúrà sí i lára bí a ṣe máa ń ṣe fún aláìsàn ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ké títí ohùn mi fi há. Iná pupa ń wò mí.

Mo jókòó sórí tááìsì ilé ìdáná tèmi ti kóòtù. Mo kórìíra ẹ̀rọ náà bí wọ́n ṣe ń kórìíra èèyàn. Èèyàn ń kú lọ, ibi tó fẹ́ kú sí kò ju orí bẹ́ẹ̀dì ara rẹ̀ lọ, àpótí irin funfun kan sì dúró sójú ọ̀nà. Gbogbo nǹkan ló sú mi. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá sú mi.

Nígbà tí mo padà dé ọsibítù, nọ́ọ̀sì bi mí bóyá kí ẹni tó fẹ́ wo ilé máa bọ̀ lọ́la. Mo ní bọ́ílà kò tàn. Ó fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní àwọn á ní láti dúró nìyẹn. N kò mọ̀ pé ọkọ mi ò sùn.

“Mummy,” wọ́n ní, “ṣé ó ń ta pá, pá ni?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Daddy. Ẹ má ṣèyọnu.”

“Gáàsì ni kò rí. Mo ti tì í pa níbi mítà, lábẹ́ àtẹ̀gùn.”

Nígbà tí a wà ní Ìbàdàn, ọkọ mi kì í sùn láìti orí sìlíńdà gáàsì. Wọ́n gbé ìwà náà dé London: bí gbogbo wa bá fẹ́ rìnrìn àjò, wọ́n á wọ abẹ́ àtẹ̀gùn lọ tì í. Lọ́jọ́ tí áńbúláńsì wá, orí àga àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n wà, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, nígbà tí mo ń kó oògùn wọn lókè. Wọ́n na ọwọ́ sábẹ́ àtẹ̀gùn, wọ́n tì í. Iná mànàmáná ni mo fi ń dáná oúnjẹ, bọ́ílà nìkan ló ń jẹ gáàsì nínú ilé wa, kò sì sí ohun tí ì bá ta mí lólobó.

“Kí ló dé tí ẹ fi tì í?”

“Mo rò pé ó ti parí ni. Mi ò fẹ́ kí gáàsì máa wà nínú ilé tí kò sẹ́nìkan.”

Láti ọjọ́ ìgbéyàwó wa n kò sọ “o” sí ọkọ mi rí. Ó bọ́ lẹ́nu mi lọ́jọ́ náà. “Kò sẹ́nìkan? Èmi ńkọ́? Ṣé o rò pé òkúta ni mí?”

Wọ́n ń wo ọwọ́ wọn. “Má bínú. Mo gbìyànjú láti fojú inú wo ilé yẹn láìsí èmi níbẹ̀. Mi ò rí nǹkan kan.”

Èmi náà kò rí nǹkan kan. Mo tún bùláńkẹ́ẹ̀tì wọn ṣe, mo lọ wọ bọ́ọ̀sì.

Ọwọ́ irin kékeré kan ló wà lára páìpù mítà náà. Wọ́n ti yí i dábùú. Mo yí i padà, mo lọ tẹ bọ́tìnnì. Ó ta pá, ẹ̀ẹ̀kan péré, iná gbà. Mo ti rò pé màá jó ijó ayọ̀. Ẹkún ni mo sun, títí páìpù fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún káàkiri ilé.

Ẹni tó wá wo ilé fọwọ́ kan gbogbo rédíétọ̀, àwọn irin ara ògiri tí ooru ń gbà jáde, ó ní ó dáa. Wọ́n gbé ọkọ mi dé. Wọ́n jókòó sórí àga wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò wọ́n. Ilé gbóná débi pé mo ti bọ́ súwẹ́tà, gíláàsì fèrèsé ń làágùn.

“Mummy, bọ́ílà yẹn ò tíì ṣiṣẹ́ ni?”

“Ó ń ṣiṣẹ́, Daddy.” Mo gbé ọwọ́ wọn lé rédíétọ̀. Wọ́n fi í síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

“Lóòótọ́ ni, ó gbóná,” wọ́n ní. “Òtútù ṣì ń mú mi.”

Mo lọ yí ooru náà sókè dé òpin. Mo wọ ìbọ̀sẹ̀ mìíràn lé èyí tó wà lẹ́sẹ̀ wọn. Mo wá jókòó sílẹ̀ níwájú wọn, mo kó ẹsẹ̀ wọn méjèèjì sí àyà, òógùn ń bọ́ lójú mi. Ẹsẹ̀ náà tutù. Kò sì sí páìpù tàbí bọ́tìnnì mìíràn tó kù tí mo lè yẹ̀ wò.